Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń ri ọkọ̀ sínú ẹrẹ̀

Àwọn fídíò kan wà tí kì í tán lórí fóònù àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì ní Mushin àti Bàrígà. Apẹja kan ní Rọ́ṣíà tàbí Kánádà jókòó sórí ẹ̀rọ kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ náà kò ní táyà. Bẹ́lìtì rọ́bà tó fẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bíi ti katapílà. Ó ń wọ́ ẹrù ìpẹja tẹ̀ lé e, ó ń gba orí òjò dídì kọjá títí ó fi dé àárín adágún tí òtútù ti mú ojú rẹ̀ di yìnyín. Ó débẹ̀ tán, ó gbẹ́ ihò, ó ju ìwọ̀ sínú omi.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í yí padà. Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ ló lágbára. Àwọn kan á ní ó fúyẹ́ ni kò fi rì. Àwọn tó kù á fi gbogbo ẹnu sọ pé ohun tó bá ti lẹ́sẹ̀ katapílà, kò síbi tí kò lè gbà, ì báà jẹ́ irà, ì báà jẹ́ yìnyín. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ló sì burú jù torí òun ló lè gbẹ̀mí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Èkó gidigidi. Irà àti ọ̀sà ló yí wa ká, ojoojúmọ́ là ń rí ọkọ̀ tó há sẹ́rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń gbèrò láti jó irin pọ̀ fi ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún etí omi.

Ká tọ́wọ́ bọ ti ìwúwo ná. Ohun tó ń ri nǹkan ni iye ẹrù tó bọ́ sórí ojú ilẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀. Ẹ mú ojú ilẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 lóròó àti 1 níbùú, ìyẹn kò ju èékánná ìka lọ. Ẹni tó bá wọ̀n ní kílò 70, tó sì fi ẹsẹ̀ kan dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á bo nǹkan bí 200 irú ojú bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gbé gíráàmù 350. Mọ́tò kékeré tó wọ̀n ní kílò 1,200 ńkọ́? Táyà rẹ̀ tóbi lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń kan ilẹ̀ gan-an lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin ṣe fẹ̀ lọ, nǹkan bí ojú 150. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 600, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gbé kílò 2.

Ẹ wá wo ẹ̀rọ apẹja yẹn. Ká ní bẹ́lìtì méjì ló ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó sì fi mítà kan gbáko kan ilẹ̀. Ojú 5,000 nìyẹn. Ká ní òun àti ẹni tó jókòó lé e wọ̀n ní kílò 300: gíráàmù 60 péré ló bọ́ sórí ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó wúwo ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin wá ń tẹ ilẹ̀ lọ́nà tí kò tó ìdá márùn-ún bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi lè gba ibì kan kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kó sì rì dé orúnkún. Kódà ọkọ̀ ogun Abrams ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 60 lọ, nǹkan bíi kílò 1 ló fi ń tẹ ojú kọ̀ọ̀kan, ìdajì ti mọ́tò tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó lọ wo àwọn tó ń wa ẹskavétọ̀ nínú irà létí ọ̀sà lápá Oworonṣókí. Ẹsẹ̀ katapílà ni ẹskavétọ̀ ní, síbẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn nìkan kò tó fún irú ẹrẹ̀ yẹn, nítorí ẹ̀rọ tó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 20 nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á so gẹdú ńláńlá pọ̀ di ẹní pákó, ẹskavétọ̀ á sì dúró lórí rẹ̀. Bó bá fẹ́ sún síwájú, ọmọṣẹ́ kan á bọ́ sínú ẹrẹ̀, á fi ṣéènì kọ́ ẹní tó wà lẹ́yìn. Awakọ̀ á yí ọrùn ẹ̀rọ náà, á fi apá rẹ̀ gbé ẹní náà sókè tẹrẹ̀tẹrẹ̀, á gbé e yíká wá síwájú, á tẹ́ ẹ, á fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó gun orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa tẹ́ ẹ, tí yóò máa gùn ún, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Pákó yẹn tún fi kún ìwúwo tó wà lórí ẹrẹ̀ náà ni, síbẹ̀ òun gan-an ni kò jẹ́ kó rì.

Àwọn ará Mákòókò àti Ìwáyà ti mọ èyí tipẹ́: pákó tí wọ́n tẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n kó wá láti ibi ìlagi dà sórí irà kí ẹsẹ̀ lè ríbi dúró. Àwọn kọ́lékọ́lé tó ń ṣe ìpìlẹ̀ ráàfù, tí wọ́n ń da kọnkéré sábẹ́ gbogbo ilé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì dípò abẹ́ ògiri nìkan, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnì ló kàn. Nígbà òjò, ní àdúgbò tí kò ní ọ̀dà, ẹ máa ń rí i: ọkọ̀ há, awakọ̀ ń tẹná, àwọn èrò ń kígbe pé kó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Táyà ń yí lójú kan, ẹrẹ̀ ń ta sára àwọn tó ń tì í, ihò náà ń jìn sí i. Agbára ti wà ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀. Ibi tí táyà á ti di ilẹ̀ mú ni kò sí. Ẹrẹ̀ ti dí gbogbo ojú táyà, táyà sì ti dán bíi páìpù. Ohun tó ń yọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn fi pákó sábẹ́ táyà, kó dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀ kó lè tẹ́, kó sì rọra tẹná. Kó sì má gbàgbé láti fọn afẹ́fẹ́ náà padà kó tó sáré lórí títì.

Bí ẹ bá tú ẹ̀rọ apẹja tí gbogbo wa ń wò yẹn, ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ kò ní yà yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnì bíńtín tó ní agbára ẹṣin 6.5 ni, ìran kan náà pẹ̀lú èyí tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA nínú kọ́ńpáùndì yín, tó tún ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi lójúṣẹ́. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọ́n á dín eré rẹ̀ kù. Sìpírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré lára ẹ́ńjìnì á fa ṣéènì tó ń yí sìpírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, bíi ti ọ̀kadà, kí eré lè dín, kí ipá sì pọ̀. Bẹ́lìtì ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, tó ti gbó, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gé fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á la páìpù oníke sí méjì, wọ́n á fi bóòtì dè é mọ́ bẹ́lìtì náà níbùú-níbùú kó lè máa wa ilẹ̀ mú. Àwọn ará Rọ́ṣíà tiẹ̀ ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní ajá alẹ́ńjìnì: àpótí kan tó ní bẹ́lìtì kan ṣoṣo lábẹ́, tó ń wọ́ apẹja àti ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn. Kò yá, kò sì pọn dandan kó yá.

Inú irà ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Benjamin Holt, tó ń ṣe ẹ̀rọ oko ní Stockton ní California, rí i pé ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ létí odò San Joaquin ń gbé katakata onítáyà mì. Wọ́n ti fẹ táyà náà títí, kò gbọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1904, ó yọ táyà ẹ̀yìn katakata kan, ó fi ẹsẹ̀ tó ń yípo tí wọ́n fi pákó tẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó sì dán an wò ní Roberts Island. Ibi tí ènìyàn kò ti lè fẹsẹ̀ rìn geere ni katakata náà ti ń túlẹ̀. Ti orí òjò dídì, ìbànújẹ́ wà nínú ìtàn rẹ̀. Joseph-Armand Bombardier, mẹkáníìkì kan ní Valcourt ní Kánádà, pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, lọ́dún 1934, nítorí òjò dídì ti dí gbogbo ọ̀nà tí wọn ì bá fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1937, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹsẹ̀ rọ́bà tó ṣe, ó sì ń ta ọkọ̀ tó lè gbé èrò méje kọjá lórí òjò dídì. Lọ́dún 1959 ni Ski-Doo rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ kékeré tó gba ìgboro àwọn apẹja kan títí dòní.

Ó wá kan èyí tó léwu, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ katapílà kò lè já yìnyín. Nǹkan méjì ló wà lábẹ́ apẹja yẹn, òfin wọn kò sì bára mu. Òjò dídì ló wà lókè, ó rọ̀, bíi ti ẹrẹ̀ ni òun náà. Ìṣirò tí a ṣe lókè yìí ló bá a mu, ẹsẹ̀ tó fẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín tó wà nísàlẹ̀ le gbagidi, orí omi ló sì ń léfòó sí. Tí ẹrù bá gun orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀ díẹ̀ káàkiri, ó máa ń tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà yíká, omi abẹ́ rẹ̀ á sì máa tì í padà sókè. Nígbà tí ẹrù ti tàn dé gbogbo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ni bẹ́lìtì tó fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan fẹ̀ ju táyà lọ tún fẹ́ fi kún un? Lórí yìnyín, àpapọ̀ kílò ló ń jẹ́ ẹrù, ìnípọn yìnyín ló sì ń dáhùn.

Lorne Gold, onímọ̀ ní Kánádà, gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 1971 tí wọ́n ṣì ń lò. Ẹ fi ìnípọn yìnyín ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún fi 3.5 sọ ọ́ di púpọ̀: iye kílò tó lè gbé nìyẹn, bó bá jẹ́ yìnyín tó mọ́ kedere tí kò sì sán. Sẹ̀ǹtímítà 10 á gbé 350. Sẹ̀ǹtímítà 20 á gbé 1,400. Sẹ̀ǹtímítà 5 kò ní gbé ju 87 lọ. Ẹ rí i pé bí ìnípọn bá dín sí ìdajì, agbára rẹ̀ á dín sí ìdá mẹ́rin. Yìnyín funfun tó jẹ́ pé òjò dídì ló rẹ tó sì dì, ìdajì ni wọ́n ń kà á sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ Minnesota ní Amẹ́ríkà fi sọ pé kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn má gun yìnyín tí kò tó ínṣì 4, kí ẹni tó gun ẹ̀rọ orí òjò dídì sì dúró dìgbà tó bá tó ínṣì 5 sí 7. Wọn kò bi í léèrè bí bẹ́lìtì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Eré pàápàá wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré lórí yìnyín ń gbé ìgbì dìde nínú omi abẹ́ rẹ̀, bí eré ọkọ̀ bá sì ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìgbì náà, yìnyín tó gbé ọkọ̀ yẹn lánàá lè já lónìí. Àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́ èyí lórí adágún Ladoga, láti oṣù kọkànlá ọdún 1941, nígbà tí wọ́n ń fi lọ́rì kó oúnjẹ wọ ìlú Leningrad tí àwọn ọmọ ogun Jámánì sé mọ́. Àwọn awakọ̀ máa ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́rì sílẹ̀ kí wọ́n lè bẹ́ jáde bó bá ń rì. Ní ọ̀nà yìnyín Tibbitt sí Contwoyto ní àríwá Kánádà, kìlómítà 25 ní wákàtí kan ni òpin eré fún lọ́rì tó kẹ́rù.

Kò sí yìnyín lórí ọ̀sà wa, ṣùgbọ́n a ní èyí tó fara jọ ọ́: ẹrẹ̀ etí ọ̀sà tó ti ṣàn jù, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi. Wẹ́dà ọ̀dọ́ kan ní Bàrígà, tó ti gé irin rẹ̀ sílẹ̀, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnì wo ni kí n rà?" Mo ní kó fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ná, kó lọ fi ọ̀pá wọn bí ẹrẹ̀ náà ṣe jìn tó. Ibi tí ọ̀pá bá wọlẹ̀ tí kò rí nǹkan kan tó dá a dúró, bẹ́lìtì kò ní rí nǹkan di mú níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lè léfòó. Ohun tí swamp buggy, ìyẹn ẹskavétọ̀ tí wọ́n ṣe fún irà, ní nìyẹn: abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpótí irin ńlá tó ṣófo nínú, orí àpótí náà sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lé.

Fún tirẹ̀, dúrọ́ọ̀mù oníke lítà 200 á ṣe é. Lítà omi kan tí dúrọ́ọ̀mù bá lé kúrò lọ́nà ń gbé kílò 1. Bí ẹ̀rọ àti awakọ̀ bá jẹ́ kílò 300, dúrọ́ọ̀mù méjì lè gbé 400, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán, ìjì kékeré sì lè dojú wọn dé. Mẹ́rin ni kó lò, méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí bẹ́lìtì yí wọn po. Wọn kò ní wọ inú omi tó ìdajì, bí ọ̀kan bá sì lu, mẹ́ta tó kù ṣì lè gbé 600. Kó dí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó máa fi girisi sí ṣéènì dáadáa torí iyọ̀ inú ọ̀sà, kó wọ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, kó sì kọ́kọ́ dán an wò níbi tí omi kò ti ju ìbàdí lọ.