Denene Millner

Denene Millner jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, akọ̀ròyìn àti olùgbaninímọ̀ràn lórí ìfẹ́ àti ọmọ títọ́, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sábà máa ń kọ̀wé fún, láti orí ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá olólùfẹ́ dórí abiyamọ. Ìwé tó ti kọ, tàbí tó bá ẹlòmíì kọ, lé ní 25.

Long Island ní ìpínlẹ̀ New York ló dàgbà sí, Yunifásítì Hofstra ló sì ti kàwé. Ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press, kó tó lọ sí ìwé ìròyìn Daily News, níbi tó ti ń kọ ìròyìn òṣèlú àti ti eré ìnàjú. Lẹ́yìn náà ló di olóòtú ìwé ìròyìn Honey, tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin.

Lọ́dún 1995, ìwé kan tí àwọn obìnrin òyìnbó méjì kọ, The Rules, gba ìgboro Amẹ́ríkà kan. Ó ń kọ́ obìnrin bó ṣe máa ṣe bí ẹni tí ọwọ́ kò tètè tó, kí ọkùnrin lè máa lépa rẹ̀. Lójú Millner, òfin wọ̀nyẹn kò bá bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ń fẹ́ra wọn mu, ló bá gbé The Sistahs' Rules jáde ní 1997. Èsì ni ìwé náà, kò sì fi í pa mọ́: àkọlé rẹ̀ gan-an kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́.

Nígbà tó di 1999, òun àti akọ̀ròyìn Nick Chiles, tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya nígbà náà, kọ What Brothers Think, What Sistahs Know. Nínú ìwé náà, bí obìnrin bá béèrè, ọkùnrin á dáhùn. Ọkùnrin náà á béèrè tiẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti bọ́ sídìí ìtàn àròsọ, tí àkọ́kọ́ nínú wọn jáde ní 2002.

Ó tún bá Angela Burt-Murray àti Mitzi Miller kọ The Vow (2005), ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó búra pé ọdún kan kò ní í kọjá kí àwọn tó wọlé ọkọ. Wọ́n sọ ọ́ di fíìmù tẹlifíṣọ̀n ní 2015. Òun àti Miller náà ló kọ ọ̀wọ́ ìwé Hotlanta fún àwọn ọ̀dọ́langba, nípa àwọn ìbejì obìnrin kan, ọmọ olówó ní Atlanta.

Síbẹ̀, ìwé tó tà jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ọkùnrin ló ṣíwájú lára èèpo rẹ̀. Ní 2009, apanilẹ́rìn-ín Steve Harvey gbé Act Like a Lady, Think Like a Man jáde, Millner ló sì bá a kọ ọ́. Inú rẹ̀ ni ìmọ̀ràn tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù wà, pé kí obìnrin dúró fún 90 ọjọ́ kó tó bá ọkùnrin sùn. Àwọn alárìíwísí ní ìwé náà di gbogbo ẹrù lé obìnrin lórí, ẹ̀sùn tó ṣòro láti já ní koro. Àmọ́ ìyẹn kò dí ọjà rẹ̀ lọ́wọ́, fíìmù tó ti inú rẹ̀ jáde sì bọ́ sí sinimá ní 2012.

Ní 2008 ni Millner dá MyBrownBaby sílẹ̀, ìkànnì fún àwọn òbí ọmọ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó yá, ó dá ẹ̀ka ìtẹ̀wé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé ọmọdé. Ọ̀kan lára ìwé tí ẹ̀ka náà tẹ̀, Crown, tí Derrick Barnes kọ tí Gordon C. James sì yàwòrán rẹ̀, ìtàn ọmọkùnrin kan tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, gba ẹ̀yẹ ìwé ọmọdé méjì, Newbery Honor àti Caldecott Honor, ní 2018.

Àgbàtọ́ ni Millner fúnra rẹ̀, kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún 12. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé sínú One Blood (2023). Apá mẹ́ta ni ìtàn àròsọ náà pín sí: ti ìyá tó bí ọmọ, ti ìyá tó gbà á tọ́, àti ti ọmọ náà nígbà tó dàgbà.