Bàtà tó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ kọ́ ló ń tètè gbó

Tẹ́nì kan bá ti rí bàtà barefoot lẹ́sẹ̀ mi báyìí, ìyẹn bàtà tó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ tó sì fẹ̀ níwájú, tó fi máa ń dà bíi pé èèyàn ò wọ bàtà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé "ìsàlẹ̀ ẹ̀ mà fẹ́lẹ́ o, oṣù mélòó nìyí fẹ́ lò?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn pé ó dáa kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ráyè tẹ́ rẹrẹ, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá ti kan bóyá bàtà máa pẹ́, kíá ni wọ́n á ní kéèyàn lọ ra èyí tó nípọn.

Kí ló wà nínú nípọn yẹn gan-an? Ẹ fi ọ̀bẹ la bàtà tí wọ́n fi ń sáré sí méjì, ẹ máa rí i pé rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ ò ju mìlímítà bíi mélòó kan lọ, nígbà míì kì í tiẹ̀ bo gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ tán, fóòmù ni gbogbo èyí tó wú sókè yẹn. EVA, ìyẹn irú fóòmù oníke kan tó fúyẹ́, ni wọ́n sábà máa ń lò, ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ ló kún ara ẹ̀, béèyàn sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ làwọn ihò yẹn ń wó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní káwọn tó ń sáré pààrọ̀ bàtà lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500 sí 800, kódà tójú ẹ̀ ṣì ń dán. Ti polyurethane, ìyẹn irú fóòmù míì, tún wá burú, èèyàn lè gbé e sínú páálí fọ́dún bíi mélòó kan láìwọ̀ ọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á ti máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá wọ̀ ọ́ jáde ló máa rún wómúwómú lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ bàtà barefoot sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 3 sí 10, rọ́bà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Rọ́bà ló yẹ ká fi wé rọ́bà, ká yọ fóòmù kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àní ẹni tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, rọ́bà wo ni ò ní jẹ tán lẹ́sẹ̀ ẹ̀?

Èyí tí mo wọ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, ọjọ́ tí mo máa jù ú nù, mo ṣì rí ilà tí wọ́n fín sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ketekete. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló lu, níbi ọmọ ìka tó kéré jù, níbi tí bàtà ti máa ń ká tá a bá gbẹ́sẹ̀. Torí ó rọ̀, ó ń ká gan-an, ibì kan náà ló sì ń ká sí lójoojúmọ́, aṣọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ títí á fi ya, gọ́ọ̀mù tó wà létí ẹ̀ náà á ṣí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà: ṣé òwú ni wọ́n fi rán an yíká àbí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ṣé awọ tàbí aṣọ tó lágbára ló wà níbi tó ń ká, ṣé ẹni tó ń tún bàtà ṣe lè pààrọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Rọ́bà tó le máa pẹ́ àmọ́ á máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, èyí tó rọ̀ á di ilẹ̀ mú àmọ́ á tètè jẹ. Mi ò tíì rí èyí tó ṣe méjèèjì tán.

Mi ò wá sọ pé gbogbo wọn ló ń pẹ́ o, mo ti rí èyí tí aṣọ òkè ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ìbọ̀sẹ̀. Mo kàn ń sọ pé fífẹ́lẹ́ ìsàlẹ̀ kọ́ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ó kéré tán kì í ṣe òun nìkan.

Ohun tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju bàtà lọ ni ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí gbé ìwádìí kan jáde lórí sárésáré 36, ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀ wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, ó sì ju ìdajì àwọn tó bọ́ sínú bàtà fẹ́lẹ́ lọ tí mùdùnmúdùn eegun ẹsẹ̀ wọn ti ń wú. Nítorí náà, ẹ má fi bàtà tuntun sáré lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ẹ kọ́kọ́ máa fi rìn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ nǹkan lára dáadáa mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó rí dókítà ẹ̀ kó tó wọ irú bàtà yìí rárá, torí ìṣó lè gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọlé kó má sì mọ̀, àfìgbà tó bá bọ́ bàtà lálẹ́ tó rí ẹ̀jẹ̀.