Ẹ̀dọ̀fóró kì í bẹ́ bíi táyà: ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a fi ń sùn

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń dá dúró lójú oorun, fi wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Ọjà Ọba ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá fi ìbomú sùn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i nímú mọ́jú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á wú títí á fi bẹ́. Òmíràn ní ẹ̀rọ yẹn ló pa àbúrò ọkọ òun.

Ohun tí wọ́n fojú rí nílé ìwòsàn ló dẹ́rù bà wọ́n: ẹni tó ti ń kú lọ, ìbomú lójú, páìpù lẹ́nu. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń mí fún ẹni tí kò lè mí mọ́, àti sílíńdà ọ́síjìn, wọ́n yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Ẹni tó gbé èyí sójú ló ń mí fúnra rẹ̀, kò sì lè sọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ di ọ̀lẹ.

Inú ọ̀fun niṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí a bá sùn, ẹran ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á fà sẹ́yìn, ọ̀nà èémí àwọn kan á sì pa dé. Ẹ ti rí bí àwọn tó ń ta gàrí ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sẹ́nu náílọ́ọ̀nù tó lẹ̀ mọ́ra kó lè là. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nìyẹn. Ẹ bu omi sínú ife gíga, ẹ ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ títí omi á fi máa hó. Agbára tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sùn nìyẹn. 20 ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń mọ. Táyà tí fọkanáísà bá fẹ́ dé 30 lórí géèjì, bí a bá fi omi wọ̀n ọ́n, ó ju sẹ̀ǹtímítà 2,000 lọ!

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ fún dókítà kí wọ́n tó lò ó: ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lu rí, ẹni tí àpò afẹ́fẹ́ ńlá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orí tàbí imú. Bí àyà bá sì ṣàdédé dunni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí èémí ò délẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Ó ṣọ̀wọ́n. Ẹnu gbígbẹ, imú dídí àti ikùn tó kún fún afẹ́fẹ́ ló wọ́pọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí afẹ́fẹ́ náà ń gbé wọlé, torí afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ni ẹ̀rọ ń fà. Abẹ́ fèrèsé màmá mi ni jẹnẹrétọ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀! Èéfín rẹ̀ lè pa odindi ìdílé mọ́jú, ẹ̀rọ tàbí kò sí ẹ̀rọ. A gbé e lọ sídìí fẹ́ǹsì lọ́jọ́ náà. Ní ìgbà ọyẹ́, mo yọ fílítà rẹ̀, ó ti pọ́n bí èlùbọ́ nítorí eruku ọ̀nà. Omi inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà gbẹ jù pàápàá, distilled water ni kó jẹ́, kí ẹ dà á nù láràárọ̀, kí ẹ fọ ike rẹ̀ kó gbẹ.

Ẹni tí ọmọ fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí láti òkè òkun, kó yẹ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ náà wò. Ní oṣù kẹfà 2021, ilé iṣẹ́ Philips tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ rẹ̀ padà, torí fóòmù inú wọn lè máa rún, kí èèyàn sì fà á símú.

Kí màmá mi tó gbà, mo sùn sórí ẹní ní yàrá wọn lóru ọjọ́ kan. Wọ́n ń hanrun, ó dá wáí. Mo kà dé 26 kí wọ́n tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọ lódò. Bí èémí bá dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, a ti lè kà á sí ọ̀kan. Bí irú rẹ̀ bá tó 30 láàárín wákàtí kan, ó ti le gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tí oògùn ò ká, ọ̀dọ̀ ibẹ̀ ni mo gbà pé ó ti ń lágbára. Mo gba ohùn náà sórí fóònù, mo sì gbé e sí wọn létí láàárọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n bá wọn fa báàgì yẹn jáde.