Bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ọdún 18 di sójà Amẹ́ríkà lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì

Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣòfin iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, ẹni ọdún 21 sókè ni òfin náà mú. Oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni wọ́n fà á wálẹ̀ sí ọdún 18. Bí àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì kúrò lábẹ́ òrùlé ìyá wọn rí ṣe di ẹni tó ń wọkọ̀ ojú irin lọ sí bárékè nìyẹn.

Ibùdó ìgbàwọlé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé irun wọn kanlẹ̀, wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́ ìgbóná àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, wọ́n á fún wọn láṣọ àti bàtà. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ìbéèrè 150: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìṣirò, àti kíka iye àpótí tó wà nínú àwòrán. Ẹni tó bá gba 110 sókè lè tọrọ ààyè sílé ẹ̀kọ́ ọ̀gá ológun. Ìdánwò yìí kò dọ́gba fún gbogbo wọn, nítorí ọmọ tí kò rílé ìwé tó dáa lọ kò lè bá ọmọ ìlú ńlá du máàkì. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tún wà lọ́tọ̀ pátápátá, bárékè wọn lọ́tọ̀, ọ̀wọ́ wọn lọ́tọ̀, iṣẹ́ ẹrù àti ọ̀nà títún ṣe ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn sí. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, orílẹ̀-èdè tó ní kí wọ́n wá kú fún òun ló sì hù ú sí wọn.

Láti ibẹ̀, ẹni tí wọ́n bá yàn fún sójà ẹlẹ́sẹ̀ á lọ sí àgọ́ bíi Camp Wheeler ní Georgia tàbí Camp Wolters ní Texas. Láti àárín ọdún 1943, ọ̀sẹ̀ 17 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Bárékè jẹ́ ilé pátákó tó ní ìsàlẹ̀ àti òkè, tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn 63. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìlà kan láìsí ògiri láàárín wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìtìjú ibẹ̀ le ju ariwo sájẹ́ńtì lọ, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mọ̀ pé kò sí “èmi nìkan” mọ́. Bí ẹnì kan bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wúruwùru, gbogbo yàrá lè pàdánù ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Kì í pẹ́ kí àwọn fúnra wọn tó máa ran ẹni tó lọ́ra lọ́wọ́.

Ìbọn ni wọ́n ń lo àkókò lé lórí jù. M1, ìbọn tí sójà ẹlẹ́sẹ̀ ń lò, wúwo tó pọ́ùn 9 àtààbọ̀, ọta 8 ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó fún ọmọ ní ọta kankan, á ti fi ìbọn òfìfo kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n á gbé ìbọn lé nǹkan tó dúró ṣinṣin. Ẹnì kejì á jókòó sí ọ̀ọ́kán pẹ̀lú bébà funfun àti àmì dúdú kékeré tó ṣeé tì kiri. Ayìnbọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Á kàn wojú ìbọn, á máa ní kí wọ́n ti àmì náà sọ́tùn-ún, sósì, sókè, títí á fi bọ́ sójú ibi tí ìbọn dojú kọ. Wọ́n á fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ojú ibẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ojú pẹ́ńsùlù mẹ́ta náà bá sún mọ́ra, ojú rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá jìnnà síra, kò tíì tó ẹni à ń fún lọ́ta.

Àtàǹpàkò ni M1 máa ń jẹ. Láti ti ìbọn òfìfo, sójà á fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ irin tó ń ti ọta mú, á wá fi àtàǹpàkò tẹ irin inú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá yọ kí àtàǹpàkò tó jáde, irin náà á já wá síwájú, èékánná á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó tún ń kó wọn sí wàhálà ni ìfọ̀. Ẹ̀tù tó ń sáná sí ọta ìgbà náà máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, òróró kò sì lè yọ iyọ̀. Omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ ló ń yọ ọ́, kí wọ́n tó nù ún gbẹ, kí wọ́n tó wá fi òróró pa á. Ẹni tó bá fò ó dé orí òróró, ìbọn rẹ̀ á ti dógùn-ún kó tó di ọjọ́ àyẹ̀wò.

Lórí pápá, bí àwọn kan ṣe ń yìnbọn ni àwọn yòókù wà nínú kòtò lábẹ́ àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí, tí wọ́n ń fa àmì náà sókè sódò. Àsíá pupa ni wọ́n ń jù fún ẹni tó tàsé. Inú kòtò yẹn gan-an ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ gbọ́ bí ọta ṣe ń dún nígbà tó bá ń kọjá lórí ẹni.

Ìmúrasílẹ̀ nìyẹn jẹ́ fún ìrákòrò abẹ́ ọta. Láti ọdún 1943, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fàyà fà nínú ẹrẹ̀, lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, fún nǹkan bí 100 yáàdì, nígbà tí ìbọn arọ̀jò ọta ń yìn gidi lókè orí wọn, ní nǹkan bí íńṣì 30 sí ilẹ̀. Wọ́n de ìbọn náà mọ́lẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má lè wálẹ̀. Àwọn ohun abúgbàù wà nínú kòtò tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀. Ewu ibẹ̀ ni kí ẹ̀rù ba ọmọ kó dìde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn pé bí o bá há mọ́ wáyà, dùbúlẹ̀, yí padà kí o fẹ̀yìn lélẹ̀, kí o fọwọ́ tú ara rẹ. Wọ́n tún ń ṣe é lóru.

Ìrìn gígùn, gáàsì atanilójú àti iṣẹ́ ìdáná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìrìn 50 ìṣẹ́jú, ìsinmi 10. Àgọ́ aláṣọ tí wọ́n ń sùn sí ni ohun tí mo rò pé ó ń kọ́ni jù nínú wọn: ìdajì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé, àfi kó bá ẹlòmíì so ó pọ̀ kó tó rí ibi sùn.

Àléébù ńlá ètò náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1944, ìjọba gbìyànjú láti má fi àwọn ọmọ ọdún 18 ránṣẹ́ sí ojú ogun kíákíá, ṣùgbọ́n àìtó ènìyàn borí ìpinnu náà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, wọ́n dín ọ̀sẹ̀ 17 kù sí 15. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń fi wọ́n dípò ẹni tó kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Àwọn tó jọ kẹ́kọ̀ọ́ máa ń túká sí ibùdó oríṣiríṣi ní Yúróòpù, ara wọn á ti rọ̀ lẹ́nu ìdúró, wọ́n á wá kó wọn lọ bá ọ̀wọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn níbẹ̀, nígbà míì lóru. Ọ̀pọ̀ kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n lọ síwájú lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Wọ́n á dá wọn dúró lẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó yìnbọn díẹ̀ kó lè tún ojú ìbọn rẹ̀ ṣe.