Kí ló dé tí ẹni kejìlá fi gba sikọláṣíìpù tí ẹni kìíní kò rí i gbà?

Àwa ọmọ iléèwé àtijọ́ kan níbí ní Àkúrẹ́ máa ń dá owó jọ lọ́dọọdún, a fi ń rán ọmọ SS3 díẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti ilé kíkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣà wọ́n. Láti ìgbà tí orúkọ tọdún yìí ti jáde, n kò lè ra iṣu l'Ọ́jà Ọba kí ẹnìkan má dá mi dúró. Ìbéèrè wọn kò pọ̀, wọ́n kàn ń tún un bi ni. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Ọmọ mi ló ń gba ipò kìíní láti JSS1. Ẹni kejìlá lẹ mú. Ṣé ẹ̀ ń ṣàyàn ni àbí ẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́?

Ìyá wa, ẹ má bínú. 80 ní iléèwé kan kì í ṣe 80 níbòmíràn. Tíṣà kan wà tí kì í fún ọmọ kankan ní ju 60 lọ nínú Físíìsì. Òmíràn ń pín 85 bí ẹni ń pín súìtì. Ẹni kìíní láàárín ọmọ 25 àti ẹni kejìlá láàárín 140, èwo ló mọ̀wé jù? Èsì WAEC ì bá là wá níjà, nítorí ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn, ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń jáde, nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wo Ìṣirò, Físíìsì àti Technical Drawing láti SS1, tá a sì ń wò ó bóyá ọmọ ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Máàkì nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o. Lọ́dún tá a bẹ̀rẹ̀, ipò kìíní la wò, a mú ọmọ mẹ́rin. Kí ọdún tó yí, mẹ́ta ti padà sídìí JAMB. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ń fẹ́ látilẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ wá. Àwa la já tíkẹ́ẹ̀tì Ìkàrẹ́ fún ẹni tó ń wá ọkọ̀ Èkó. Oníná, mẹkáníìkì àti ẹnjiníà ló ń dá owó yìí, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ẹ̀bùn ipò kìíní pọ̀ nílùú; tiwọn, ká fi wá ẹni tí yóò dúró ti iṣẹ́ náà.

Kí ni fáànù tó bàjẹ́ ń wá nínú ìdánwò yín?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lẹ dé yìí. A máa ń gbé fáànù onídùúró kan kalẹ̀, a ti yọ àwọ̀n iwájú rẹ̀. Tí a bá tan án, á máa kùn hùn-ùn-ùn, kò ní yí. Súkúdíráfà kan, tẹ́sítà kan, rúlà onígi kan, ìṣẹ́jú 20. A kì í ní kí ọmọ tún un ṣe. Ohun tó rí, ohun tó fura sí, àti ohun tí yóò kọ́kọ́ dán wò la fẹ́ gbọ́.

Ọ̀pọ̀ á sáré gbá súkúdíráfà mú, wọ́n á máa tú ìdí fáànù, iná ṣì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń lọ. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan láti Ọba-Ilé wọlé, kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tẹ́tí sí i. Ó pa á, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó wá fi ìka yí apá fáànù náà wò bóyá nǹkan há a. Kò há. Ó ní ká dúró sẹ́yìn, ó tan án padà, ó fi rúlà ti apá kan díẹ̀. Fáànù gbéra, ó ń yí lọ geere. "Mọ́tò ò tíì jóná, sà," ló wí. "Káńdẹ́ńsà ló kú."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wáyà oríṣi méjì ni wọ́n ká sínú mọ́tò fáànù ilé, káńdẹ́ńsà ló sì ń mú kí iná inú ọ̀kan ṣáájú ti èkejì. Ìṣáájú yẹn ló ń jẹ́ kó mọ apá ibi tí yóò yí sí. Tí káńdẹ́ńsà bá ti kú, agbára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan ló ń dúró sí tí yóò máa kùn, àfi tí ẹnìkan bá tì í. Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní màmá òun ń ta òkú èkó l'ọ́jà Ìsínkàn, fáànù ìsọ̀ wọn kì í yí àfi tí wọ́n bá tì í, òun wá ń bi oníná àdúgbò ní ìdí rẹ̀ títí ó fi sọ fún òun.

Òun lẹni kejìlá yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọmọ ta ni?

N kò mọ bàbá rẹ̀ rí. A máa ń yọ orúkọ kúrò lára ìwé, a fi nọ́ńbà sí i. Ìbéèrè kan náà, bó ṣe tẹ̀ léra, là ń bi gbogbo wọn. Àwa mẹ́ta là ń fún wọn ní máàkì, kálukú á sì kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, nítorí tí alága bá ti ní "ọmọ yìí mà dáa o", gbogbo wa la máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí dídáa rẹ̀. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ bá wà níbẹ̀ á jáde síta. Èmi náà jáde lọ́dún tó kọjá nígbà tó kan ọmọ àbúrò ìyàwó mi. Ọmọ náà kò wọlé. Àbúrò ìyàwó mi kò tíì pè mí títí di òní.

Àbùkù ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kò lè bo ojú nígbà tí ọmọ bá wọlé wá síwájú wa, Àkúrẹ́ kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀.

NABTEB ni ọmọ tèmi ń ṣe. Ṣé ó lè wá?

Ó lè wá. Òfin ọdún 1993 ló gbé NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, dúró, Benin ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe sì ń gba ìwé ẹ̀rí wọn.

Ṣé bó ṣe máa wà nídìí súkúdíráfà títí ayé nìyẹn?

Ọdún méjì ni ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe; HND tó tẹ̀ lé e, ọdún méjì míì. Ẹni tí ND rẹ̀ bá dáa lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Kí súkúdíráfà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé, kò burú lójú tèmi.

NELFUND ti wà. Kí la fẹ́ fi tiyín ṣe?

Ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni NELFUND, òfin 2024 ló gbé e kalẹ̀, a sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ gbà á fún owó iléèwé. Ibi tí ọmọ ti ń já sílẹ̀ ni IT, ìyẹn ìgbà tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ níléeṣẹ́. Ètò SIWES, ètò IT tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, ti ń ṣe láti 1973, ní kí ọmọ ND lo oṣù mẹ́rin níbi iṣẹ́. Tó bá gba ND tán, yóò tún wá ibi iṣẹ́ fún ọdún kan kó tó lọ HND. Ọmọ tó ti Ọ̀wọ̀ tàbí Ilé-Olújì ríbi iṣẹ́ ní Èkó, ta ni yóò san owó yàrá fún un? Ta ni yóò ra bàtà onírin? Owó wa ń dúró de ọjọ́ yẹn. A kì í fi lé bàbá lọ́wọ́ mọ́, torí bàbá kan fi kan òrùlé. Òrùlé náà dáa, mo ti rí i.

Ẹni tí kò wọlé ńkọ́?

Kó wá wo máàkì rẹ̀, a kì í fi pamọ́. Ìyá tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn wá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n wo ìwé ọmọ wọn: Ìṣirò ga, Físíìsì ga, fáànù 4 nínú 30. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní ṣé àwọn lè yá fáànù náà di ọjọ́ Ajé. Mo bá wọn gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì kìlọ̀ pé kí ọmọ náà yọ púlọ́ọ̀gì kó tó tú u.