Valsa de esquina: bí píánò ṣe ń ṣe iṣẹ́ gìtá

Valsa de esquina ni orúkọ tí Francisco Mignone, ọmọ ìlú São Paulo ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, fún orin píánò 12 tó kọ láàárín 1938 sí 1943. Esquina ni ìkóríta àdúgbò. Ibẹ̀ làwọn onígìtá àti onífèrè máa ń dúró sí lálẹ́, tí wọ́n á máa kọrin ìfẹ́ sí ojú fèrèsé ẹni tí ọkàn wọn ń fà sí. Orin ìkóríta yìí ni Mignone gbé sórí píánò, láìsí gìtá kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń rò pé orin Chopin, olórin píánò ọmọ Poland, ni, ibi tó sì dùn jù nínú rẹ̀ a kọjá lọ létí wọn.

Valsa fúnra rẹ̀, ijó Yúróòpù ni, ìlù rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta: ọ̀kan wúwo, méjì tó tẹ̀ lé e fúyẹ́. Nígbà tí ìdílé ọba Potogí sá fún Napoleon, olú-ọba Faransé, tí wọ́n kó ààfin wọn wá sí Rio de Janeiro ní 1808, irú ijó bẹ́ẹ̀ ráyè gbilẹ̀ nílé àwọn ọlọ́lá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1870, àwọn olórin àdúgbò ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Fèrè, gìtá, àti cavaquinho, ìyẹn gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń pe irú orin wọn ní choro. Valsa tiwọn falẹ̀, ó sì di orin ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ choro, fèrè ló sábà máa ń gbé orin, cavaquinho ló ń di ìlù mú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn onígìtá. Ó ń ta kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi àtàǹpàkò rìn lórí àwọn okùn bésì, àwọn tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀. Bí kọ́ọ̀dù bá fẹ́ yí padà, àtàǹpàkò á ti máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ lọ bá èyí tó ń bọ̀. Bí fèrè bá fa ohùn kan gùn, bésì á gba ọ̀rọ̀ sọ, bí ìyáàlù ṣe máa ń dáhùn nígbà tí akọrin bá ń mí. Baixaria ni wọ́n ń pe ìrìn bésì yìí. Àwọn onígìtá kan tilẹ̀ mú gìtá olókùn méje, kí ìsàlẹ̀ lè túbọ̀ jìn.

Mignone mọ̀ ọ́n láti kékeré. Afunfèrè ni bàbá rẹ̀ tó ti Ítálì wá, òun náà sì bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ choro ṣeré ní São Paulo nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Chico Bororó ló fi ń bojú lórí àwọn orin àdúgbò tó ń kọ nígbà náà, torí ojú tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń wo irú orin bẹ́ẹ̀ kò dára. Ó kàwé orin dé Milan ní Ítálì. Akéwì Manuel Bandeira pè é ní ọba valsa, n kò sì rò pé ó ṣàsọdùn.

Ẹ wá wo ọwọ́ ẹni tó ń tẹ píánò. Nínú valsa tó wọ́pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé orin, ọwọ́ òsì kàn ń lu bésì kan, kọ́ọ̀dù méjì. Mignone sábà máa ń yí i po: ọwọ́ òsì á gba orin nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí àtàǹpàkò onígìtá ìbá wà, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa ju kọ́ọ̀dù kéékèèké lé e lórí. Níbi tí gbólóhùn orin bá parí, bésì á rìn gba àárín kọjá. Pẹ́dà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn píánò má tètè kú, ló máa ń ba eléyìí jẹ́. Okùn gìtá kì í dún pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ta á. Bí atẹpíánò bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ tí kò gbé ẹsẹ̀, bésì á dà pọ̀ mọ́ra, baixaria á sì kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ bí aago ṣe ń lọ. Akọrin ojú fèrèsé a máa fà sẹ́yìn, a máa sáré díẹ̀, píánò náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbẹrẹfu.

Ohun kan ṣì wà. Kíì minor, ìyẹn ìtò ohùn tó sábà máa ń dún bí ìbànújẹ́, ni gbogbo valsa 12 yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Onígìtá fẹ́ràn E minor, A minor àti D minor, nítorí okùn bésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dún lófìfo níbẹ̀, láìfi ìka tẹ̀ wọ́n. E-flat minor a máa ni ìka lára. Píánò kò ní irú ìṣòro yẹn, Mignone sì lò ó dáadáa láti gbé ohùn gìtá dé ibi tí gìtá kì í fẹ́ lọ. Ní 1970, ó kọ valsa 12 mìíràn fún gìtá gan-an, ní gbogbo kíì minor, títí kan èyí tó le.