Nígbà Tí Aládùúgbò Bá Ń Bínú Sí Ẹran Ọ̀sìn Yín

Ìjà orí ẹran ọ̀sìn láàárín àwọn tó jọ pa ààlà kì í sábà ti inú ìkórìíra bẹ̀rẹ̀. Ibi tí omi ti kó jọ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ìdí abọ́ omi adìẹ tó ń jò, ìgbẹ́ ẹran tí òjò wọ̀, ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ògiri ẹlòmíràn. Òórùn á tẹ̀ lé e, eṣinṣin á tẹ̀ lé òórùn, èébú á wá tẹ̀ lé eṣinṣin. Nítorí náà, inú ilé ẹran ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kẹ́yìn. Ẹni tí ilé ẹran rẹ̀ gbẹ tó sì mọ́ lè fi ọkàn balẹ̀ dá aládùúgbò tó ń bínú lóhùn. Ẹni tí tirẹ̀ ń rùn ti jẹ̀bi kó tó lanu.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ débí, igbó ni gbogbo ibí yìí nígbà tí mo kọ́lé.” Ọ̀pọ̀ olùsìn ẹran ló gbójú lé gbólóhùn yìí. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò gbeni ní kóòtù. Nínú òfin tí ilé ẹjọ́ wa jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹnìkan kó wá bá òórùn níbẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ráhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ẹjọ́ yín lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú adìẹ ẹlẹ́yin 50, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sìn sẹ́yìnkùlé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ń yàgbẹ́ tó nǹkan bíi gíráàmù 110 lóòjọ́. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní kílò 5 lójúmọ́, ó sì tó kílò 77 lọ́sẹ̀ méjì. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbẹ́ tútù yìí ló jẹ́ omi. Bí omi yẹn bá tètè gbẹ, òórùn rẹ̀ kì í jìnnà. Bí kò bá gbẹ, àwọn kòkòrò àìrí inú ìgbẹ́ á sọ ọ́ di gáàsì amóníà, èyí tó ń ta ni lójú, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró adìẹ fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí olùsìn mọ èyí dájú: òórùn tó ń lé aládùúgbò sá ti ń dín ẹyin yín kù kó tó kan ògiri rẹ̀.

Adìẹ 50 nílò yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10 onígun mẹ́rin (bíi mítà márùn-ún níbùú, mítà méjì lóòró), ìyẹn adìẹ márùn-ún sórí mítà kan onígun mẹ́rin. Ẹ gbé ilẹ̀ yàrá náà ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20 ó kéré tán, kí àgbàrá má baà wọlé. Ẹ jẹ́ kí páànù yọ síta ju ògiri lọ ní mítà kan, torí òjò wa kì í rọ̀ lóòró nìkan, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Èérún pákó tí ẹ̀rọ fá ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ó máa gba nǹkan bí àpò ìrẹsì ńlá mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má lo ìyẹ̀ pákó kíkúnná: adìẹ á máa ṣà á jẹ, eruku rẹ̀ á sì wọ̀ wọ́n nímú.

Láràárọ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èérún yẹn kí ẹ fún un. Bó bá dì mọ́wọ́ yín bí òkèlè ẹ̀bà, ó ti tutù jù. Bó bá tú ká díẹ̀díẹ̀ tí ẹ bá la ọwọ́, ó dáa. Bó bá di eruku, ó gbẹ jù. Ẹ kó ibi tó bá ti dì dànù lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá lábẹ́ abọ́ omi, kí ẹ sì da gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Abọ́ omi fúnra rẹ̀, orí bíríkì tàbí pákó ni kó wà, kí etí rẹ̀ bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba. Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, adìẹ á sì máa tú omi ká bó ṣe ń mu ún. Bí ìgbẹ́ bá ń rin lójijì láìsí omi tó dà, ẹ wo oúnjẹ wọn: iyọ̀ tó pọ̀ jù ń mú kí adìẹ mu omi ní àmujù.

Àṣìṣe kan wà tó gbilẹ̀ gan-an. Tí òórùn bá ti pọ̀, àwọn ènìyàn á gbé eérú tàbí ẹfun oníkẹ́míkà dà sórí ìgbẹ́ tútù. Ohun tí eérú ń ṣe ni pé ó ń lé amóníà jáde kúrò nínú ìgbẹ́, nítorí náà ọjọ́ kìíní máa burú ju ti àná lọ. Ẹ kó tútù kúrò, ẹ da èérún gbígbẹ sí i. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Ní ti eṣinṣin, ọjọ́ ni kí ẹ máa kà. Nínú ooru wa, láti ẹyin títí dé eṣinṣin tó ń fò, ó lè má ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti sin ìran mẹ́ta kó tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ kó ìgbẹ́ tútù kúrò nílé ẹran, kí ìdin má baà rí àyè dàgbà. Ìdin tó ti fẹ́ di eṣinṣin máa ń rìn kúrò nínú ìgbẹ́ lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nítòsí, torí náà ẹ gbá àyíká òkìtì náà pẹ̀lú. Ibi tí ẹ ń kó o sí kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdí ògiri aládùúgbò. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti koríko, kí òkìtì náà tó mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, kí ẹ sì bò ó. Bó bá jọ dáadáa, inú rẹ̀ á gbóná kọjá ìwọ̀n 55 sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ooru yẹn á sì pa ìdin àti èso èpò. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè wọ àárín.

Kí ẹ tó kọ́ ilé ẹran, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá ti ìhà gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ló máa ń yí padà, tó ń ti àríwá òun ìlà oòrùn wá. Ìyẹn ni pé aládùúgbò tó wà ní ìhà àríwá òun ìlà oòrùn yín ló ń gba òórùn jù, àti nígbà òjò gan-an tí ìgbẹ́ ń tutù. Bí ilẹ̀ yín bá gbà á, ẹ gbé ilé ẹran jìnnà sí igun yẹn. Bí kò bá gbà á, aládùúgbò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra ẹran wálé.

Ariwo kò ní wàhálà púpọ̀. Adìẹ ń yé láìsí àkùkọ, nítorí náà ẹni tó ń fẹ́ ẹyin jíjẹ nìkan kò nílò èyí tó ń kọ ní aago mẹ́rin òru. Ewúrẹ́ tó ń ké títí sábà ń sọ pé ebi ń pa òun, tàbí pé òun ń fẹ́ akọ, tàbí pé wọ́n gba ọmọ lẹ́nu òun. Òórùn òbúkọ yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́: ara rẹ̀ gan-an ló ti ń jáde. Bí ẹ kò bá fi òbúkọ gun ewúrẹ́, kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nígbà tó bá wà láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ewúrẹ́ tó ń rìn ká ló ń dá ìjà tó le jù sílẹ̀, torí oko ẹ̀fọ́ kan lè tán láàárín wákàtí kan. Ẹ so wọ́n mọ́lé. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa kan nílò ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ onígun mẹ́rin, ọgbà tó ga ju mítà kan lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ní àlàfo, torí ó máa ń rá gba abẹ́ kọjá ju bó ṣe ń fò lọ. Ẹ fún ewúrẹ́ oníkílò 20 ní bíi kílò mẹ́ta ewé tútù lójúmọ́: agunmániyẹ̀, ewé ìyeyè, koríko. Bí ó bá jàjà já, tó jẹ ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ jọ ka ohun tó jẹ, ẹ fi owó ọjà dí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹni kẹta. Ẹ má nájà. “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ewúrẹ́ wa ló ṣe é, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bàjẹ́” ń pa iná tí owó kò lè pa.

Ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ti dàgbà ń tú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bíi kílò márùn-ún jáde lójúmọ́, àwọn Mùsùlùmí tó yí yín ká kò sì fẹ́ rí i rárá. Lójú tiwa, ẹni tí ilé ti ká mọ́ ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yẹ kó sin ín sórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ìbínú di ọ̀tá pátápátá ni ikú ẹran. Ẹran kú lójijì, olówó rẹ̀ sì ti mọ ẹni tó fi májèlé sí i. Ẹ dákun, ẹ dúró ná. Àwọn ohun kan wà tó ń pa ẹran lójijì láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù àti ewé rẹ̀ ní sáyánáìdì; ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ lè máa mí gúlegúle, kó ṣubú, kó kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan. Ẹ sá èèpo náà sí oòrùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó fún wọn. Nílọ́ọ̀nù omi inú ọ̀rá máa ń dí ikùn ewúrẹ́, tó fi ń rù títí yóò fi kú. Kàtá, àrùn ewúrẹ́ tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, ń mú ikun imú, ojú tó ń ṣe ìpín, egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru wá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Lúkúlúkú adìẹ (Newcastle) ń fẹjú nígbà ọyẹ́: ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn tó lọ́, èémí tó ń há. Bí adìẹ gbogbo àdúgbò bá ń kú ní ọjọ́ púpọ̀, àrùn ni.

Ti májèlé yàtọ̀. Ẹran tó ń jẹun dáadáa ni yóò kú láàárín wákàtí díẹ̀, àpò oúnjẹ ọrùn adìẹ sì lè kún. Òtápiapia, oògùn apakòkòrò olómi tí wọ́n ń tà lọ́jà, ní àmì tirẹ̀: itọ́ tó ń hó lẹ́nu, omi lójú, ìgbẹ́ gbuuru, ara tó ń gbọ̀n, ẹyinjú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Dókítà ẹran ní oògùn atropine tó ń takò ó, àmọ́ kò ní wúlò bí ẹ bá fi wákàtí púpọ̀ ṣòfò nídìí èpè.

Bí ẹran bá ti kú, ẹ má dúńbú rẹ̀ tà, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ẹ wọ nílọ́ọ̀nù sọ́wọ́, ẹ di òkú rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ fi yìnyín yí i ká, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dì gan-an, nítorí dídì ń ba ohun tí àyẹ̀wò ń wá jẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan náà, torí ikùn ewúrẹ́ ń jẹrà kíákíá nínú ooru wa. Ẹ fi oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti èébì sínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Ìwé àyẹ̀wò tó bá sọ pé májèlé ni ni ẹ ó gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mímọ̀ọ́mọ̀ pa ẹran ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ má gbẹ̀san lára ajá ẹni tí ẹ fura sí.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ tí aládùúgbò ráhùn, ohun tó sọ, ohun tí ẹ ṣe, ọjọ́ tí ẹ kó ìgbẹ́, àwòrán ilé ẹran. Bí wolé-wolé láti ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá fún yín níwèé ìkìlọ̀, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn: àtúnṣe tí ẹ ṣe kí ọjọ́ náà tó pé ló sábà máa ń parí ẹjọ́, àìkàsí ló ń gbé e dé kóòtù.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún: alága ẹgbẹ́ lándúlọ́ọ̀dù, baálẹ̀, ìmáàmù tàbí pásítọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn náà, ní òwúrọ̀ àti lẹ́yìn òjò, kì í ṣe ọ̀sán gangan nìkan. Àdéhùn tó bá jáde níbẹ̀, kó ní ọjọ́ nínú: ìgbẹ́ á máa kúrò ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Bọ̀, adìẹ kò ní ju 50 lọ, aládùúgbò kò ní da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sídìí ọgbà mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ bu ọwọ́ lù ú. Ní Èkó, ibùdó ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀, Citizens' Mediation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ń ṣe irú èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn àdéhùn náà, ẹ tún pe alága yẹn wá wo ilé ẹran, kí ìwé àkọsílẹ̀ yín àti ojú tó rí i lè jọ jẹ́rìí bí ìráhùn tuntun bá dé.